Páálí Àwọ̀ Tí Ọwọ́ Lè Kà

Àwòrán tí a kàn lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì kì í pẹ́ sú ọmọdé. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ bí àwọ̀ ṣe ń bí àwọ̀, kí páálí náà jẹ́ èyí tó ṣeé fọwọ́ kàn, tó sì ṣeé tò. Olùkọ́ ní Akparé, láàárín àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, lè fi ohun tó wà nítòsí ṣe é.

Ẹ gé páálí líle róbótó, kí ẹ pín in sí mẹ́fà. Yẹ́lò, pupa àti búlúù ni òbí. Àwọ̀ ọsàn wà láàárín yẹ́lò àti pupa, elésè àlùkò láàárín pupa àti búlúù, àwọ̀ ewé láàárín búlúù àti yẹ́lò.

Ẹ lẹ yanrìn mọ́ yẹ́lò, ìko mọ́ pupa, òwú mọ́ búlúù. Lórí àwọ̀ ewé, ẹ lẹ yanrìn sí apá kan, òwú sí apá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún méjì tó kù. Ọmọ tí kò ríran, tàbí tí ojú rẹ̀ kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, yóò fi ìka mọ òbí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lẹ nǹkan fún ẹwà lásán, ọwọ́ ò ní rí nǹkan kan kà.

Ẹ fi okùn so ọ̀rá gaara méjì mọ́ etí páálí, yẹ́lò àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá gbé ọ̀kan lé èkejì níwájú fèrèsé, àwọ̀ ewé ni yóò rí. Yẹ́lò ti gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ti gbé ti pupa mì, ti àwọ̀ ewé nìkan ló ráyè kọjá. Ẹ má lo búlúù tó ki, nítorí òkùnkùn ni yóò fún yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá aláró fún ègé aṣọ mẹ́ta: èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti èyí tí wọ́n rẹ títí tó fi ṣú. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ ta kókó kan, méjì, mẹ́ta sẹ́yìn wọn. Bí ọmọ bá tò wọ́n láti orí èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù, kókó ni yóò fi yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ fi àsíá Tógò, tí Paul Ahyi ṣe ní 1960, sí ìsàlẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé inú àsíá náà dojú kọra lórí róbótó yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń mú èkejì tàn.

Ẹ gbé páálí náà kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ tó kúrú jù lè dé.