Dátà ń yọ́ bí iyọ̀ inú omi: Bí ará Ṣakí ṣe lè wọn èyí tó kù

Ní ọjà Ṣakí, kò sí ẹni tí yóò ra èlùbọ́ tàbí ọkà bàbà tí kò ní í wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ojú olùrà kì í kúrò lára kóńgò títí wọn yóò fi dà á sínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà lónìí tí púpọ̀ nínú wa ń rà láì wọ̀n ọ́n wò rárá. Ọjà náà ni dátà, ìyẹn oúnjẹ tí fóònù ń jẹ kó tó lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Bàbá àgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó, orí WhatsApp ló ti ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí dátà bá tán láàárín ọ̀rọ̀, ojú ọmọ náà yóò dúró gbagidi, ohùn yóò sì dá. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àná ni wọ́n rà á.

Nígbà tí fóònù GSM dé sí Nàìjíríà lọ́dún 2001, owó ìpè nìkan la ń ṣọ́. Ní báyìí, dátà ló yẹ ká ṣọ́ jù. Ní ọjọ́ 20, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n kó má ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àjọ náà ní láti ọdún 2013 ni iye owó ọ̀hún ti wà lójú kan.

Kóńgò àti àpò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi MB ṣe kóńgò, kí ẹ sì fi GB ṣe àpò. Nǹkan bíi 1,000 MB ló wà nínú GB kan. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ránṣẹ́ kò tó ẹ̀kúnwọ́. Àwòrán gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò gan-an ni alájẹkì. Iléeṣẹ́ Netflix, tó ń ta fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ fúnra rẹ̀ pé wákàtí kan fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere lè jẹ tó 3 GB.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó kù, ẹ tẹ *323# bí ẹni fẹ́ pe èèyàn, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìpè. Ìdáhùn yóò jáde lójú fóònù. Tí ó bá jẹ́ owó ìpè lẹ fẹ́ mọ̀, *310# ni kí ẹ tẹ̀. NCC ló pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ máa lo nọ́ńbà kan náà, ó sì fún wọn di ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 láti parí ètò náà. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì pàápàá lè ṣe é.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ aláìmọ̀wé nìyí. Àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá fún báǹkì àti iléeṣẹ́ kì í wo àwòrán kí wọ́n tó mọ ohun tó ń lọ. Ojú dúdú kan ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí. Bí wọ́n bá tẹ “df”, kọ̀ǹpútà yóò sọ iye àyè tó kù fún wọn. Bí wọ́n bá tẹ “du”, yóò sọ ohun tó gba àyè náà.

Ta ló jẹ ẹ́?

Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe kókó. *323# yóò sọ iye tó kù, ṣùgbọ́n kò ní í sọ ẹni tó jẹ ìyókù. Ẹ wọ inú “Settings” lórí fóònù ńlá, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Data usage” sí. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i bóyá WhatsApp ni, Facebook ni, tàbí YouTube. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lè máa wọlé fúnra rẹ̀, kódà bí ẹ kò wò ó. “Storage and data” nínú WhatsApp lẹ ti lè dá a dúró.

Olè kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní “cloud”. Kì í ṣe ojú ọ̀run ló wà o. Ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni, níbi tí fóònù ń kó ẹ̀dà àwòrán yín pamọ́ sí. Dátà yín ló fi ń rù wọ́n lọ. Google ń fúnni ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá kún, fóònù kò ní í lè kó ẹ̀dà tuntun pamọ́ síbẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún fóònù kó dúró de Wi-Fi kó tó kó ẹrù.

Ẹ ṣọ́ra o

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló yẹ ní títẹ̀. Bí àjèjì bá pè yín pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan báyìí báyìí, ẹ pa fóònù náà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé owó yín ni yóò gbé lọ sórí fóònù ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọn dátà láàárọ̀, tí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, tí ẹ kò fọwọ́ kan fóònù, tí ó sì dín gan-an nírọ̀lẹ́, ẹ pe iléeṣẹ́ yín lórí 300. Bí wọn kò bá dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ pe NCC lórí 622. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ló lè jiyàn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.