Ìwé Ọ̀fẹ́ Yàtọ̀ sí Ìwé Tí A Jí: Ẹ Jẹ́ Kí N Ṣàlàyé



Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ní táàmù tó kọjá, èmi ni mo ṣe fótókópì ìwé físíìsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo sì tà á fún ẹni méje ní SS2. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe. Ìwé yẹn wọ́n, àwa mẹ́fà la máa ń na ọrùn sórí ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí olùkọ́ wa rí i, wọn ò nà mí, wọn ò sì bú mí. Wọ́n kàn ṣí ojú ìwé kejì, wọ́n ní kí n kà á sókè. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àdàkọ ìwé náà láìgba àṣẹ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ ìwé yìí ńkọ́? Kí ni kó jẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ṣé ìwé kankan wà tí èèyàn lè ṣe àdàkọ rẹ̀ láìjalè? Ó wà o, ó sì pọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ti jáde. Tí wọ́n bá ní kọ́lẹ́jì níbẹ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa yìí ni wọ́n ń sọ. Ibi tí èèyàn ń lọ lẹ́yìn girama ni. A máa ń rò pé owó ìwé kì í ni wọ́n lára lọ́hùn-ún. Irọ́ ni. Ìwé físíìsì tàbí báyọ́lọ́jì tuntun kan ṣoṣo lè lé ní 200 dọ́là, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní sáà kan kò sì ní jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn kan ń yá ìwé, àwọn kan ń ra àlòkù, àwọn mìíràn ò ní rà á rárá, ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ni wọ́n á gbé wọ ìdánwò.

Kí ló dé tó fi wọ́n bẹ́ẹ̀? Ìdí méjì ló yé mi jù. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń yan ìwé kọ́ ló ń sanwó rẹ̀. Olùkọ́ ló ń yàn án, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rà á. Ó dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá yan aṣọ ẹbí, tí ẹ̀yin wá ń sanwó: iye tó bá jẹ́, ẹ ti wọ gàù. Ìkejì, láàárín ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé á tún gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Wọ́n á yí nọ́ńbà ìbéèrè padà, wọ́n á tún ojú ìwé tò, ìwé tí ẹ̀gbọ́n lò kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún àbúrò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jogún ìwé ẹ̀gbọ́n yín rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

ÀWỌN TÓ ṢÍ ÌLẸ̀KÙN

Ní ọdún 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ iná, Richard Baraniuk, ní Rice University ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, dá ohun kan sílẹ̀ tó pè ní Connexions. Olùkọ́ á kọ ẹ̀kọ́ kan, á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ mìíràn á mú un, á tún un ṣe, á so ó mọ́ òmíràn. Ní 2001, MIT, ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun máa gbé ohun tí òun fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2002, àjọ UNESCO ṣe ìpàdé ní Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún irú nǹkan báyìí lórúkọ: Open Educational Resources, tí wọ́n ń gé kúrú sí OER. Èmi ń pè é ní ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Nígbà tó di 2012, àwọn ará Rice yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odidi ìwé ẹ̀kọ́ jáde, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní OpenStax. Físíìsì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Lónìí, kẹ́místírì wà níbẹ̀, báyọ́lọ́jì wà, ìṣirò wà, ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé wà.

Ta ló wá ń sanwó? Ìbéèrè tí olùkọ́ wa bi mí gan-an nìyẹn. Àwọn tó kọ ọ́ jẹun o! Àwọn àjọ ńlá bíi ti Hewlett àti ti Gates ló fi owó sílẹ̀. Wọ́n fi sanwó fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti kọ ọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n san án, gbogbo ayé ló ń kà á.

OJÚ ÌWÉ KEJÌ NI KÓKÓ Ọ̀RỌ̀

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Pé ìwé kan wà lórí fóònù yín láìsanwó kò sọ ọ́ di ìwé ọ̀fẹ́. Àwọn PDF tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, púpọ̀ nínú wọn kò yàtọ̀ sí fótókópì mi. Ohun tó ń sọ ìwé di ọ̀fẹ́ ni àṣẹ tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ kọ sí i.

Àjọ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ló ṣe àwọn àṣẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹ máa rí CC, lẹ́yìn náà lẹ́tà méjì méjì:

BY: ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.
NC: ẹ má fi ṣòwò.
SA: tí ẹ bá tún un ṣe, irú àṣẹ kan náà ni kí ẹ fi fún ẹlòmíràn.
ND: ẹ lè pín in, àmọ́ ẹ má pín èyí tí ẹ ti yí padà.

Tó bá jẹ́ CC BY nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gé orí kan jáde, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kódà ẹ lè tà á, bí ẹ bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín, tí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà. Àwọn ìwé OpenStax kan ní NC àti SA, nítorí náà ẹ ka ojú ìwé ti èyíkéyìí tí ẹ bá mú. Ìwé tí mo tà ò fún mi láṣẹ. Èyí tó máa fún mi láṣẹ, mi ò mọ̀ pé ó wà.

ṢÉ Ó BÁ WAEC MU?

Mi ò ní tàn yín. Ìwé Amẹ́ríkà kì í tẹ̀ lé sílábọ́ọ̀sì wa. Àwọn àpẹẹrẹ ibẹ̀ jẹ́ ti yìnyín àti béésíbọ́ọ̀lù, òmíràn sì jin ju ohun tí WAEC ń béèrè lọ. Dátà tún ń gba owó, iná náà ò sì dúró.

Àmọ́ ẹ wo South Africa. Ní 2002, Mark Horner àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ní University of Cape Town bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ girama. Iṣẹ́ yẹn ló di Siyavula. Ní 2012, ìjọba wọn tẹ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì Siyavula, wọ́n sì pín in fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, fún kíláàsì 10 sí 12, tó dà bí SS1 sí SS3 tiwa. Ọmọ tí kò ní fóònù rí i gbà sọ́wọ́. Nílé wa níbí náà, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè kàwé níbẹ̀ láti ilé, gbé ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mo ti dá owó àwọn méje yẹn padà. (Ó ku ẹnì kan, ó mọ ara rẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.) Mo wá fi dátà ara mi wa ìwé físíìsì OpenStax jáde lẹ́ẹ̀kan, kò sì gba dátà mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo tẹ orí tó sọ̀rọ̀ nípa agbára àti iṣẹ́. Ẹnìkejì mi lórí bẹ́ǹṣì, tí kò ní fóònù, gbé e lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìbéèrè mẹ́ta tó ti ń dààmú wa láti ọjọ́ yìí, òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọdún tó ń bọ̀ la máa ṣe WAEC, ọjọ́ ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, kí ẹ fàmì sí orí tó bá sílábọ́ọ̀sì mu. Àwa ọmọ Press Club á wa ìwé náà jáde, a ó ka àṣẹ rẹ̀, a ó kọ orúkọ àwọn tó ni ín sí i. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan á dáwó jọ láti tẹ orí kan, a ó kó o sínú fáìlì ní láíbírì, ẹnikẹ́ni á lè yá a. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹni tó bá fẹ́ orí tí mo ti tẹ̀, kó wá bá mi ní SS2. Mi ò tà á o.