Ìyọkúrò àti Ìtúsílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Méjì tí Kò Yẹ Kí Á Dàpọ̀ Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo máa gbé èrò méjì tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pín níyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí kì í fa ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe "yọ" lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí a bá ń kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá fa ẹ̀rọ kan yọ lára kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tó lè gbé e.

2. Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìpìlẹ̀

Ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní apá kan ní àárín gbùngbùn rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kernel, èyí tí í ṣe kóró inú èso. "Èkùrọ́" bá a mu, pàápàá nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe apá ìta, èyí tí òǹlò ń bá sọ̀rọ̀, ní èèpo. Àpẹẹrẹ èkùrọ́ bẹ́ẹ̀ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991.

Fún ẹ̀rọ àsomọ́ kọ̀ọ̀kan, ètò kékeré kan ló ń ṣe alárinà láàrin òun àti ìyókù èkùrọ́. Driver ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí a bá pè é ní "awakọ̀", ọkọ̀ ni yóò wá sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. "Atọ́kùn" sàn jù, nítorí pé bí atọ́kùn ti ń tọ́ eégún tí ó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un láàrin àwùjọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò yìí ń ṣe fún ẹ̀rọ.

3. Ibi tí Ewu Wà

Ìlànà USB, tí ó jáde ní ọdún 1996, fún òǹlò láyè láti fa ẹ̀rọ yọ nígbàkúùgbà. Ká ní ètò kan ń lo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ nígbà tí a fà á yọ. Ẹ̀rọ ti lọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí atọ́kùn ṣí fún un nínú iyè kọ̀ǹpútà ṣì wà, ètò náà sì ṣì dì í mú. Bí atọ́kùn bá pa àkọsílẹ̀ yìí rẹ́ lójú ẹsẹ̀, èkùrọ́ lè fi àyè rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ṣì di ti àtijọ́ mú yóò wá máa kọ nǹkan sórí ohun ìní onílé tuntun. Kọ̀ǹpútà lè dákú, àkọsílẹ̀ oníṣẹ́ lè bàjẹ́, olè sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ewu mìíràn tún wà. Lórí ọ̀nà PCI Express, bí a bá ka ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo bíìtì tó ń padà wá sábà máa ń jẹ́ 1. Atọ́kùn tó ń retí kí bíìtì kan di 0 láìfi gbèdéke sí i lè dúró títí láé.

4. Ọ̀nà Àbò

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni atọ́kùn USB nínú Linux máa ń gbé nígbà tí èkùrọ́ bá ta á lólobó pé ẹ̀rọ ti lọ:

(i) yóò ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tuntun má baà ṣí ẹ̀rọ náà mọ́;
(ii) yóò fi àgádágodo dá àwọn yòókù dúró díẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé ẹ̀rọ ti lọ;
(iii) yóò fagi lé gbogbo iṣẹ́ tí a ti rán sí ẹ̀rọ tí èsì rẹ̀ kò tíì dé;
(iv) yóò jọ̀wọ́ ìdìmú tirẹ̀.

Òǹkà ìdìmú ni ó ń sọ ìgbà tí àkọsílẹ̀ yóò parẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, òǹkà jẹ́ 1. Nígbà tí ètò kan ṣí i, ó di 2. Ìyọkúrò sọ ọ́ di 1. Bí ètò náà bá tún béèrè nǹkan, èsì àṣìṣe nọ́ńbà 19 ni yóò gbà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ètò náà bá ti ìlẹ̀kùn tirẹ̀ ni òǹkà yóò di 0, tí ìtúsílẹ̀ yóò sì wáyé. Kí á kíyè sí i pé kọ̀ǹpútà ni ìlànà yìí ń dáàbò bò. Ohun tí a kò tíì kọ sínú ẹ̀rọ kí a tó fà á yọ ti sọnù.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìyọkúrò jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọwọ́ òǹlò ń mú wá, tí èkùrọ́ kò lè kọ̀. Ìtúsílẹ̀ jẹ́ ìpinnu tí òǹkà ìdìmú ń ṣe, ó sì lè pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé ìyọkúrò. Eégún lè ti wọ ìgbàlẹ̀ lọ, síbẹ̀ atọ́kùn ṣì ń dá àwọn tó kù lójúde lóhùn. Olùkọ́ tó bá fi "yọ" kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì yóò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ní kété tí ẹ̀rọ bá lọ. Ìtumọ̀ yóò ti di àṣìṣe inú ètò, ẹni tí kò sì mọ̀ nípa ìtumọ̀ náà rárá ni yóò jìyà rẹ̀.