Ẹ̀rọ géèmù tuntun, sídíì àtijọ́: kí oníṣọ́ọ̀bù Ajégúnlẹ̀ tó ná owó rẹ̀

Bí èèyàn bá gba Boundary wọ Ajégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó tó rí ṣọ́ọ̀bù géèmù ni yóò ti gbọ́ ariwo rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" yóò máa kùn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ á kún inú yàrá tóóró fọ́fọ́, bí ẹnìkan bá sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gbogbo ilé á hó yèè. Kò yani lẹ́nu. Àdúgbò bọ́ọ̀lù ni Ajégúnlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni Samson Siasia, Taribo West àti Odion Ighalo ti jáde, pápá Maracana sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá ráyè lórí pápá, á ráyè nídìí páàdì.

Ọ̀rọ̀ òwò ló gbé wa dé ibẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Oníṣọ́ọ̀bù tó ti ń lo PS4 láti ọjọ́ yìí, tó ti kó sídíì jọ ní ogún tàbí ọgbọ̀n, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń fojú sọ́nà fún PS5. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá ra ẹ̀rọ tuntun, ṣé sídíì tí mo ti ní yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣé yóò sì dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ? Tàbí ńṣe ni mo máa tún gbogbo rẹ̀ rà?

Owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí PS5 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, 499 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà, dọ́là kan sì jẹ́ nǹkan bíi 380 náírà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà. Ìyẹn ò tó 200,000 náírà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Sony fowó lé e, ó di 550 dọ́là. Bí ẹ bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, owó náà ti di 825,000, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ òkun, owó kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá àti èrè ẹni tó ń tà á. Ká ní ẹ ń gba 200 náírà lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4,125 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbá kí owó ẹ̀rọ nìkan tó wọlé. Bí wọ́n bá ń gbá ogójì lóòjọ́, ó lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ kò sì tíì yọ owó epo bẹntiróòlù kúrò. Irú owó báyìí, a kì í tìtorí àhesọ ná an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kan ń "háńgì" tàbí pé ó ń fà. Gbogbo ohun tó ń rìn lójú tẹlifísọ̀n, àwòrán tó dúró gbagidi ni wọ́n, tí ẹ̀rọ ń ṣí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì kíákíá, bí ìgbà tí ọmọdé bá ya èèyàn sí etí ìwé rẹ̀ tó sì ń ṣí ewé náà wàràwàrà. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣí 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á rí i pé ó ń rìn. Èyí tó bá ń ṣí 60, á yọ̀ geere, ohun tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ lórí páàdì á yára hàn lójú tẹlifísọ̀n. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù àti géèmù ìjà, ìyàtọ̀ yìí ló lè sọ ẹni tó máa jẹ. Oníbàárà lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Géèmù bọ́ọ̀lù tó ń pawó jù ní Ajégúnlẹ̀, ìyẹn FIFA (tó ti di EA Sports FC láti ọdún 2023) àti PES, lórí PS4 gan-an, 60 ni wọ́n ń ṣí tẹ́lẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mú sídíì FIFA ti PS4 bọ inú PS5, yóò yára ṣí, ẹ kò ní pẹ́ dúró kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ 60 náà ni yóò ṣì máa ṣí. Kíkúrú àkókò ìdúró yẹn ní èrè tirẹ̀ o, nítorí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó máa wọ inú wákàtí kan á pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń retí pé àwòrán á yí padà pátápátá ni ọ̀rọ̀ máa dùn. Ìyẹn, àfi kó ra sídíì tí wọ́n ṣe fún PS5 fúnra rẹ̀, sídíì yẹn kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí PS4 tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù.

GTA V tún yàtọ̀. Lórí PS4, 30 ni. Bí ẹ bá gbé sídíì kan náà sórí PS5, 30 náà ni, bí agbára ẹ̀rọ tuntun ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ṣe géèmù náà ló ti fi òté dè é nínú pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ láìfà. Ẹ wo tírélà tó ń lọ gbẹ́rù ní Àpápá. Kó jẹ́ tuntun, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti àná lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, bó bá dé Wharf Road tí ọkọ̀ tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀, ìrìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò máa rìn. (Ìtò yẹn náà ló mú kí àwọn aláṣẹ èbúté gbé ìlànà ìpe-ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn awakọ̀ ló mọ bó ṣe ń lọ sí.) Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe GTA V tí ó lè ṣí 60 fún PS5, ọjà ọ̀tọ̀ sì nìyẹn.

Àwọn géèmù kan wà tí ẹ̀rọ tuntun ràn lọ́wọ́ gidi. God of War ti ọdún 2018, 30 ló ń ṣí lórí PS4 lásán, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2021 àwọn tó ṣe é fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì di 60 lórí PS5. Ghost of Tsushima àti Days Gone náà rí bẹ́ẹ̀. Sídíì PS4 yín kan náà ni, owó kankan kò kún un.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti The Last Guardian, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àtúnṣe ló ba nǹkan jẹ́. Bó ṣe wà nínú sídíì ní ọjọ́ tó jáde, wọn kò tíì fi òté dè é; PS4 kò lágbára tó ni kò fi lè yára. Àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà ló dè é mọ́ 30. Nítorí náà, ẹni tó bá fi sídíì rẹ̀ sínú PS5 tí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì, 60 ni yóò rí. Ẹni tó bá gba àtúnṣe, 30. Ẹni tó rà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rí ti àtijọ́ mọ́, nítorí èyí tí wọ́n ti tún ṣe ni wọ́n máa ń fún un. Bí ẹ bá ti gba àtúnṣe láìmọ̀, ẹ pa géèmù náà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún un gbé sórí rẹ̀ láti inú sídíì. N kò sọ pé àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ máa tò láti ṣe The Last Guardian, kì í ṣe géèmù èèyàn méjì. Mo mú un wá kí ẹ lè mọ̀ pé sídíì àtijọ́ tí ẹ fẹ́ kó fún ọmọ tó ń ta gbàǹjo lè jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń wá.

Ọ̀rọ̀ sídíì àtijọ́ lórí ẹ̀rọ tuntun kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwa tí a dàgbà nídìí PS2 rántí pé ẹ̀rọ tó ti Ìlú Ọba wá máa ń ṣí 50 fún ọ̀pọ̀ géèmù, ti Amẹ́ríkà ń ṣí 60, torí bí tẹlifísọ̀n wọn ṣe yàtọ̀. Àwọn tó ra ti Amẹ́ríkà nínú ọjà tòkunbọ̀ tí wọ́n sì kì í bọ iná wa tààrà láìlo tiránsífọ́mà gbọ́ òórùn tí wọn kò lè gbàgbé, torí iná 120 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ńlá yẹn fún. Nígbà tí PS3 jáde ní ọdún 2006, ti àkọ́kọ́ gba sídíì PS2, kò pẹ́ tí wọ́n yọ ẹ̀yà náà kúrò láti dín owó kù. PS4 kò gba sídíì PS2 tàbí ti PS3 rárá. Ẹni tó bá ṣì ní ìwọ̀nyẹn, kó má ta ẹ̀rọ tó ń lò wọ́n.

PS5 gba èyí tó pọ̀ jù nínú sídíì PS4, àmọ́ kì í ṣe gbogbo PS5 ló ní ojú sídíì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Digital Edition kò ní, PS5 Pro tó jáde ní ọdún 2024 kò sì ní, àfi kí ẹ ra ojú sídíì rẹ̀ lọ́tọ̀. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí Pro jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 dọ́là. Digital yìí ló máa ń rọ̀jú jù nínú ọjà, òun náà ló sì lè sọ gbogbo sídíì yín di pàǹtí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kí ẹ tún ro ti iná. PS5 tó ń ṣe géèmù tirẹ̀ lè jẹ nǹkan bíi 200 wáàtì, nígbà tí PS4 Slim kì í sábà ju 100 lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé PS4 mẹ́ta pẹ̀lú tẹlifísọ̀n wọn kò ní lè gbé PS5 mẹ́ta.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ mú sídíì PS4 méjì dání, ọ̀kan ti bọ́ọ̀lù, ọ̀kan bíi God of War, kí ẹ mú ọmọ kan tó mọ páàdì dì lẹ́yìn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ tẹlifísọ̀n lójú yín. Kí ẹ wò ó bóyá géèmù kan ní àmì méjì lórí ẹ̀rọ, ti PS4 àti ti PS5, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti ra géèmù PS5 tí wọ́n sì ń ṣí ti PS4 láìmọ̀. Kí ọmọ náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan parí kí ẹ tó ka owó.