Ọ̀bẹ Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Wo? Ọ̀rọ̀ Irin, Omi àti Èèkù ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àwọn tí ń ki Ògún Lákáayé, ọ̀sìn Imọlẹ̀, kì í gbàgbé láti sọ pé àdá méjì ni akin náà ní, pé ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó fi ń ro oko, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí ó fi ń la ọ̀nà. Bí ẹni tí ó ni gbogbo irin ayé kò bá fi àdá kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì, kí ló wá mú kí àwa ará Èkó òde òní máa ra ọ̀bẹ kan lọ́jà, kí a fi í ha ìpẹ́ ẹja, kí a fi í gé okùn, kí a fi í ṣán koríko ẹ̀bá gọ́tà, kí a sì tún máa bínú sí i ní ọjọ́ kẹta pé ó ti kú?

Ìbéèrè yìí ká àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà lára ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé àdúgbò wọn ni ilẹ̀ àti omi ti pàdé. Ní òkè ni àwọn atẹ̀wé Ṣómólú wà, tí òkìkí wọn ti kàn jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tí kò jẹ́ fi abẹ ẹ̀rọ ìgéwé wọn gé wáyà láéláé, bí ó ti wù kí ojú kán wọn tó. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn Akọ̀kà tí Yunifásítì Èkó tẹ̀dó sí, ni àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń tukọ̀ lórí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wo Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 ní ọ̀ọ́kán.

Ẹnu ọ̀bẹ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ẹnu bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni agbára tí ọwọ́ fi tì í ṣe ń kó ara jọ sí ojú kan, tí ẹran fi ń là láìjanpata. Ṣùgbọ́n ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni kì í pẹ́ ká, tí kì í pẹ́ fín, nígbà tí ó bá pàdé eegun tàbí kùkùté. Ìdí nìyí tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ tí a ó fi la ẹja ní ìwọ̀n dígíríì 15 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ti àdá sì ń tó 25 sí 30. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àdá pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: èyí tí ó gùn, tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ó sì ń mì díẹ̀ lọ́wọ́, ni ti koríko, nítorí pé eré ọwọ́ ni ń gé koríko, èyí tí ó kúrú, tí ó nípọn, tí orí rẹ̀ sì wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ, ni ti ẹ̀ka igi tí ìjì bá wó dí ojú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ní Bàrígà, omi ni ọ̀gá. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi dídùn, kì í sì í ṣe omi òkun pátápátá: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn bá ti fà, omi òkun a gba ẹnu èbúté wọlé, ọ̀sà a sì níyọ̀, nígbà tí òjò bá dé, àgbàrá òkè a tún tì í padà. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni ń bí ìpáàrà. Iyọ̀ kò bí i, ṣùgbọ́n òun ni agbẹ̀bí tí ń mú kí ọmọ náà yára wáyé. Ọ̀bẹ tí yóò lo ọdún púpọ̀ ní Ìbàdàn lè dógùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú ọkọ̀ apẹja tí a kò bá nù ún.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Harry Brearley, ará Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ọ̀nà kan hàn ní ọdún 1913, nígbà tí ó ń wá irin tí kò ní tètè jẹ nínú ihò ìbọn, tí ó po kírómíọ̀mù mọ́ irin, tí ó sì rí i pé àdàlù náà kò fẹ́ dógùn-ún. Irin stainless ti òde òní gbọ́dọ̀ ní kírómíọ̀mù tí kò dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kírómíọ̀mù yìí ni afẹ́fẹ́ ń sọ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ó ń bo irin mọ́lẹ̀, tí ó sì ń dí ara rẹ̀ padà bí a bá fi nǹkan ha á. Síbẹ̀, iyọ̀ tí ó bá pẹ́ lára rẹ̀ yóò jẹ ihò wínníwínní sí i. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ń dán yinrinyinrin lórí àtẹ sì burú ní ti wọn: irin wọn rọ̀, bí a bá pọ́n wọn láàárọ̀, wọn a ti kú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bí iṣẹ́ bá jìnnà sí omi iyọ̀, èmi kò tí ì rí èyí tí ó dára ju ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ. Kábọ́ọ̀nù ni àṣírí rẹ̀. Sípíríǹgì sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, irin tí àwọn bíríkìlà fi ń kọ́lé kì í sì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ọ̀bẹ tí a bá fi irin ilé rọ ṣe máa ń tẹ̀. Alágbẹ̀dẹ a mú irin náà pọ́n lẹ́nu ẹwìrì, a rì í sínú omi tàbí òróró lójijì kí ó lè le, a sì tún fi iná díẹ̀ yá a kí líle rẹ̀ má bàa sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ wò: bí fáìlì bá jẹ wọlé wẹ́rẹ́, irin náà rọ̀, bí ó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, iná mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi epo pa á. Àwọn tí ń bọ Ògún kúkú ti mọ̀ tipẹ́ pé irin fẹ́ràn epo.

Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹni tí ó rà á ni kí ó bá a wo ti èèkù. Igi tí ń mu omi a wú, a sì là. Ike dídán tí ojoojo ẹja bá kàn a yọ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ a sì sún sórí ẹnu ọ̀bẹ. Èyí tí ó ní ìkọ́ kékeré níwájú, tí irin rẹ̀ gba inú èèkù dé ìdí, ni ti inú ọkọ̀. Apẹja tún gbọ́dọ̀ ní òmíràn fún ewu, nítorí àwọ̀n tí ó bá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn nínú omi kì í dúró dè é kí ó wá ọ̀bẹ: kí ó kúrú, kí ó léyín nítorí okùn ọ̀rá, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ má mú, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti lè fà á yọ.

Ọ̀bẹ tí a fi ń bó ọsàn kò gba ariwo: ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́ ni. Ní ti ọ̀bẹ Iléyá, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ pé kí a pọ́n ọ̀bẹ dáadáa kí ẹran má baà joró. Kí ó gùn ju ìbú ọrùn àgbò lọ, kí ọ̀bẹ tí a ó fi bó awọ sì jẹ́ òmíràn, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, kí ó má baà lu awọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbígbé e káàkiri. Àkọ̀ aláwọ a máa pa omi iyọ̀ mọ́ra, nítorí náà, ẹ yọ ọ̀bẹ kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ bá ti délé. Ní Bàrígà, níbi tí ìjà àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti kó jìnnìjìnnì bá ará àdúgbò nígbà púpọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí ó gbé àdá ní ìhòòhò lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó ṣàlàyé pé koríko ni òun ń lọ ṣán. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin tí ó ṣe pàtó: láìsí ìdí tí ó yè kooro, ọ̀bẹ tí ń ká, tí kò ní ohun tí ń tì í pa, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ju ínǹṣì 3 lọ, nìkan ni ènìyàn lè mú rìn níta. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ fi àpò dì àdá yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀.