Ìpàdé Ẹbí Kò Lè Pa Ẹjọ́ Ìfipábánilòpọ̀ Rẹ́

Bí ọkùnrin kan bá fipá bá ọmọdébìnrin lòpọ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, àbí ní Àkúrẹ́, àbí ní Oǹdó, lọ́pọ̀ ìgbà, pálọ̀ olórí ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà máa ń kọ́kọ́ dé, kì í ṣe téṣàn. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á bẹ ìyá ọmọ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ayé gbọ́, ẹni tó ṣẹ̀ á sì san owó ìtọ́jú. "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé."

Òfin kò fún wọn láyè yẹn. Abala 127 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹni tó bá gbowó láti fi bo irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n gbére tọ́ sí mọ́lẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura. Ìfipábánilòpọ̀ wà lára irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló ni ẹjọ́ náà. Ìyá kò lè dárí rẹ̀ jì, ọba ìlú náà kò lè dárí rẹ̀ jì.

Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ yẹn, tó ti wà látayé àwọn òyìnbó, ní àléébù. Obìnrin nìkan ló gbà pé a lè fipá bá lòpọ̀, kò sì ka ti ọkọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 13, ẹjọ́ tí wọ́n bá pè lábẹ́ abala 218 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 2. Ta ló ń retí kí ọmọ kékeré tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ láàárín oṣù 2?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun tó lòdì sí ìwà ipá. Ó dáàbò bo ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹ̀wọ̀n gbére ló fi lélẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀; bí kóòtù bá tilẹ̀ dín in kù fún àgbàlagbà, kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 12, kò sì sí ọ̀rọ̀ owó ìtanràn. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fìyà jẹ opó àti ọkọ tó ń lé aya síta. Ó tún fàyè gba kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí oníwà ipá jìnnà sí ẹni tó ń lù. Nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ lè bá ẹni tí wọ́n ń lù gbé ìbéèrè fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù.

Àmọ́ Abùjá nìkan ni òfin yìí dè; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Èkìtì ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ìpínlẹ̀ Oǹdó dúró di ọdún 2021 kí Gómìnà Rótìmí Akérédolú tó buwọ́ lu tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan tí pípa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Benin ti da gbogbo Nàìjíríà láàmú.

Ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 fi hàn pé 31 nínú 100 obìnrin ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Nínú àwọn tí ìwà ipá ti dé bá, ó ju ìdajì lọ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá.

Bẹ́ẹ̀, àkókò kì í dúró. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Kí ọmọ náà má ṣe wẹ̀ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ilé ìwòsàn ni ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó lọ sí téṣàn. Bí ẹbí bá wá fẹ́ jókòó lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n jókòó lórí ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sí kóòtù.