Ìránṣẹ́ méjì tó ń da adìẹ láàmú nínú àgò

Tí oòrùn bá mú l'Ọ́jà Ìkòtún, pàápàá nínú oṣù kejì àti ìkẹta ọdún, ẹ wo àwọn bíróílà inú àgò. Wọ́n á yanu sílẹ̀, wọ́n á na ìyẹ́ kúrò lára, ọ̀fun wọn á máa mì pìpì. Adìẹ kì í làágùn, èémí ló fi ń lé ooru. Oníbàárà á gbé ọ̀kan, á dorí ẹ̀ kodò, á fọwọ́ tẹ àyà ẹ̀ wò bóyá ó lẹ́ran, á dá a padà. Ẹlòmíì á tún gbé e.

Ewu ni gbogbo èyí lójú adìẹ. Apá kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ẹ̀ á rán họ́mọ́ònù jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á sì gbé e dé pítúítárì, ẹṣẹ́ kan tí kò tó hóró àgbàdo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó ń tú họ́mọ́ònù mìíràn, ACTH, sínú ẹ̀jẹ̀. ACTH yìí ló ń lọ jí ẹṣẹ́ tó wà lẹ́bàá kíndìnrín, tíyẹn á fi tú corticosterone jáde. Cortisol ló pọ̀ jù nínú ara tiwa èèyàn. Corticosterone ni ti ẹyẹ. Ó ń fi ṣúgà kún ẹ̀jẹ̀ kí adìẹ lè rí agbára sá lọ. Nínú àgò, kò ríbi sá sí.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé họ́mọ́ònù méjì láti ọpọlọ, bí ìránṣẹ́, ni pítúítárì ń gbọ́ tiwọn. CRH, tí Wylie Vale àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà yọ látinú ọpọlọ àgùntàn lọ́dún 1981, ni ọ̀kan. Vasotocin ni ìkejì, òun kan náà ló sì ń sọ fún kíndìnrín ẹyẹ pé kó ṣọ́ omi ara lò. Bí òǹgbẹ bá ti ń gbẹ adìẹ ni vasotocin ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Arkansas gbé ojú ibi tí ìránṣẹ́ méjèèjì ti ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì adìẹ yẹ̀ wò. Inú sẹ́ẹ̀lì yàrá ìwádìí ni wọ́n ti dán an wò. Wọ́n rí i pé ojú ibi méjèèjì máa ń so mọ́ra, àti pé tí vasotocin bá bá CRH dé, sẹ́ẹ̀lì á dá CRH lóhùn ju bó ṣe máa ṣe tí CRH bá dá wá.

Corticosterone fúnra ẹ̀ ló ń padà lọ sọ fún ọpọlọ àti pítúítárì pé ó ti tó. Ìdààmú tó bá tètè kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ pa adìẹ lára. Èyí tó ń pẹ́ ló burú. Adìẹ á kọ oúnjẹ, ẹran ara ẹ̀ á máa yọ́, àwọn ẹ̀yà tó ń bá a gbógun ti àrùn á súnkì, àjẹsára àrùn Newcastle tí wọ́n fún un ò sì ní ràn án tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, kẹ́ ẹ tó pe àjẹsára ní ayédèrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ òrùlé páànù ilé adìẹ yín wò lọ́wọ́ ọ̀sán bóyá ooru ibẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ti fítámì C, adìẹ lè ṣe é fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ooru bá pọ̀, èyí tó ń ṣe kì í tó o. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, J. O. Ayo àti N. S. Minka ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí fífún ẹyẹ ní fítámì yìí kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀, ó sì ń dín wàhálà ìrìnàjò kù. Omi ló wá ṣáájú o. Bí ẹ bá ti gbé adìẹ délé láti Ìkòtún, ẹ gbé omi tútù síwájú ẹ̀ níbi ìbòòji kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ fún un, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé gbé e kiri.